Káàdì tó ń sọ orúkọ àdìrẹ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kóòdù QR àti AR fún ìsọ̀ kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe kò ju báyìí lọ. Oníbàárà dé ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, ó rí aṣọ tó wù ú, ó gbé fóònù sí kóòdù QR, àmì onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà ń kà, lórí káàdì tó so mọ́ aṣọ náà. Fóònù sọ orúkọ àrà tó wà lára rẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é àti bí yóò ṣe máa fọ̀ ọ́. Tó bá wù ú, yóò rí aṣọ náà bí ẹni pé ẹnì kan ti ró o, tó dúró lórí káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n ń pè ní AR: kámẹ́rà ń fi ohun tó wà níwájú rẹ hàn, fóònù sì ń gbé ohun tí kò sí níbẹ̀ lé e lórí. Kò sí áàpù tí ẹnikẹ́ni máa gbà sílẹ̀. Ẹni tó wá ra yáàdì 5 kò ní dúró de áàpù, pàápàá tí dátà rẹ̀ bá ń lọ tán.

Àrà 12 la fi bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàndùn, Olókun àti Òṣùbàmbà wà nínú wọn.

Èrò àkọ́kọ́: kí aṣọ fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì

Lójú ẹni tí kò tíì gbìyànjú rẹ̀, kò sí ìdí láti tẹ káàdì rárá. Àwòrán ti wà lára àdìrẹ. Kí fóònù wo aṣọ, kó dá a mọ̀, ó parí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwòrán AR náà máa ń fò kiri bí tata: ó hàn ní igun kan, ó fò sí òmíràn, ó pòórá.

Ìdí méjì ló wà. MindAR, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí iṣẹ́ yìí dúró lé, kì í wo àwòrán lódindi bí ènìyàn ṣe ń wò ó. Ó ń wá àwọn ojúàmì kéékèèké, bí igun ìlà tàbí ibi tí dúdú ti pàdé funfun, ó sì ń fi wọ́n wé èyí tó wà nínú fáìlì rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi páànù gígé tẹ ẹ̀kọ láfún sí lára ń tún àrà kan náà ṣe láti etí dé etí. Igun yìí àti igun ọ̀hún jọ ara wọn bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Fóònù mọ̀ pé òun rí àrà náà, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń wò lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ yà sàn díẹ̀, torí ọwọ́ ènìyàn kì í ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìdí kejì, pé aṣọ kì í tẹ́. Ìdámọ̀ irú èyí gbà pé àwòrán náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Ìṣẹ́po kan ṣoṣo ti ba ìṣirò rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣíṣẹ́po ni aṣọ ń wà lórí àtẹ, ọ̀kan lórí èkejì, tàbí kó rọ̀ sókè kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ.

Àdìrẹ oníko ló le jù. Ibi tí wọ́n fi ìko dì kì í ní etí tó mú, aró ń wọ inú funfun díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tó ń mú kó rẹwà lójú wa náà ni kò jẹ́ kí kámẹ́rà rí ibi dì mú.

Nítorí náà a pín iṣẹ́ sí méjì, gbogbo ohun tó kù sì ti inú ìpín yìí wá: kóòdù ló ń sọ aṣọ wo nìyí, àwòrán orí káàdì ló ń sọ ibi tí AR máa dúró sí. Bí kóòdù ti sọ pé Olókun ni, ojú ewé náà kò ní láti gbé fáìlì ìdámọ̀ ti àrà 12 wọlé, ti Olókun nìkan ni. Fóònù kò ní máa wá ohun 12 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ló ń wá, ó sì ń tètè rí i.

Kóòdù

Iléeṣẹ́ Denso Wave ní Japan ló gbé QR jáde ní 1994, láti fi máa tọpa ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹn ló fà á tó fi lè gba ìdọ̀tí àti ìfarapa díẹ̀ mọ́ra. Ìpele 40 ló ní. Ìpele 1 jẹ́ ẹyọ (onígun mẹ́rin kéékèèké dúdú àti funfun inú rẹ̀) 21 ní ìbú, 21 ní òró. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi ẹyọ 4 kún un títí dé 177. Agbára àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́rin: L tó lè tún nǹkan bí 7% ṣe, M 15%, Q 25%, H 30%. Q la mú, torí ọjà ni káàdì yìí ń gbé, ọwọ́ aláró sì ń kàn án.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni gígùn àdírẹ́sì. (Àdírẹ́sì ìkànnì là ń wí o, kì í ṣe àdìrẹ.) Bí ohun tó wà nínú kóòdù bá ṣe gùn tó ni ẹyọ rẹ̀ ń pọ̀ tó, bí ẹyọ bá sì ṣe pọ̀ tó nínú ààyè kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kéré tó. Àdírẹ́sì wa jẹ́ àmì 25 lápapọ̀. Tí a bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, QR yóò ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí báìtì kan. Ìpele 2 ní agbára Q kò gbà ju báìtì 20 lọ, a ó fi bọ́ sí ìpele 3, ẹyọ 29. Tí a bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo rẹ̀, láti orí HTTPS títí dé òpin, QR ní ọ̀nà tó fi ń kó lẹ́tà ńlá àti nọ́ńbà pọ̀ sínú àyè tó kéré. Ìpele 2 kan náà yóò gba 29. Àwa ní 25, ó wọlé. Ẹyọ 25 péré. Tí ẹnì kan bá wá so gbogbo ìrù tí wọ́n fi ń ka iye èrò mọ́ àdírẹ́sì náà títí tó fi di àmì 90 ní lẹ́tà kékeré, ìpele 8 ló máa dé, ẹyọ 49. Ẹ jẹ́ kí sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dúró, máa ka èrò fúnra rẹ̀.

Orúkọ ìkànnì kò mọ lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e lórí ọ̀pọ̀ sáfà mọ̀ ọ́n. A07 (nọ́ńbà àrà keje) àti a07 lè jẹ́ ojú ewé méjì. Ẹ sọ fún sáfà pé kó gba méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, káàdì tí wọ́n ti tẹ̀ tán yóò máa gbé èrò lọ síbi tí kò sí nǹkan.

Ẹ má kọ orúkọ àrà pẹ̀lú àmì ohùn sínú àdírẹ́sì. Lẹ́tà ọ kan ṣoṣo yóò di %E1%BB%8D, àmì 9 gbáko, kí àmì ohùn tó gorí rẹ̀. Nọ́ńbà àrà la lò. Orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé, níbi tí ó ti yẹ.

Ìkànnì tiwa fúnra wa ni kóòdù náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ti àwọn tó ń gé línkì kúrú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn wọn, tàbí tí wọ́n bá ní ẹ wá sanwó, gbogbo káàdì tó wà lórí àtẹ di ìwé lásán. Tiwa, bí ojú ewé bá ṣí kúrò níbì kan, sáfà la máa yí, a kò ní tẹ káàdì mìíràn.

Ìwé àti ìtẹ̀wé

Ìwọ̀n káàdì jẹ́ mìlímítà 100 sí 140. Kóòdù gba 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mìlímítà 1 fún ẹyọ kan, èyí tí rúlà lásán lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àyè funfun tó gbọ́dọ̀ yí i ká jẹ́ ẹyọ 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 33 ni àpapọ̀ rẹ̀. Òfin tí wọ́n sábà ń lò ni pé kóòdù máa jẹ́ ìdá 10 ọ̀nà tó wà láàárín rẹ̀ àti fóònù. Kóòdù mìlímítà 25 yóò ṣeé kà láti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25, èyí tó bá ohun tí ènìyàn mú lọ́wọ́ mu. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ kí ẹni tó wà ní mítà 2 lè kà á, sẹ̀ǹtímítà 20 ni.

Dúdú lórí funfun ni. Ó wu gbogbo ènìyàn kí kóòdù jẹ́ funfun lórí aró, kó bá ọjà mu, ṣùgbọ́n àwọn fóònù kan kì í ka kóòdù tí wọ́n yí àwọ̀ rẹ̀ pa dà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aró sí ìyókù káàdì.

Àṣìṣe ilé ìtẹ̀wé mẹ́rin ló wọ́pọ̀, ojú ẹni tó ni iṣẹ́ ló yẹ kó wà lára wọn:

Wọ́n gba kóòdù gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, WhatsApp ti fún un mọ́lẹ̀, etí ẹyọ ti rí rúdurùdu. PDF tàbí SVG ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kó sì jẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Wọ́n fà á gùn kó lè kún àyè. Kóòdù gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìbú àti òró.

Wọ́n gé àyè funfun dànù torí ó dà bí àyè tó ṣófo. Èyí ló ń yani lẹ́nu jù, torí kóòdù yóò wà ní pípé lójú, fóònù kò sì ní kà á: kò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fi láminétì dídán bò ó. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta, láminétì dídán di dígí. Èyí tí kò dán ni kí ẹ béèrè, lórí ìwé gíráàmù 300. Ìtẹ̀wé oní-páúdà ni kó jẹ́. Oòrùn àti omi tètè ń ba tàdáwà olómi ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré jẹ́.

Ihò okùn wà ní igun tó jìnnà sí kóòdù. Láminétì gbọ́dọ̀ kọjá etí ìwé ní mìlímítà 3 yíká, torí aró tuntun máa ń tú sí ohun tó bá fara kàn án, àgàgà tó bá tutù. Ibi tí kóòdù wà ni aró tó bá tú sí ìwé tí kò ní láminétì ti ń ṣe ibi: funfun di búlúù, búlúù ń súnmọ́ dúdú, fóònù kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ìdí kan náà la kò fi tẹ kóòdù sára aṣọ.

Àwòrán tí AR dúró lé

Ìsàlẹ̀ káàdì ni kóòdù wà, òkè rẹ̀ ni àwòrán, mìlímítà 90 ní ìbú. Àwòrán náà ti ara aṣọ gidi wá, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kó dọ́gba: àrà ńlá kan ní apá òsì, kékeré mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ ní apá ọ̀tún, orúkọ àrà ní lẹ́tà ńlá ní ìdábùú, àti ìlà etí tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra. Tí ẹ bá yí i po tí ó sì tún rí bákan náà, kò dára. Ibi tó ṣófo tó tóbi, ojú kan náà láìsí ìlà, kò wúlò fún fóònù.

Irinṣẹ́ MindAR tó ń sọ àwòrán di fáìlì .mind máa ń fi àwọn ojúàmì tó rí hàn lórí àwòrán náà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí ojúàmì bá kóra jọ sí igun kan, AR yóò dúró ṣinṣin níbẹ̀, yóò sì máa mì ní ìyókù. Ẹ tún àwòrán ṣe títí yóò fi tàn kálẹ̀.

Ìgbọ̀nrìrì ni ẹ̀sùn tó kù. filterMinCF, ọ̀kan nínú àwọn iye tí a lè yí nínú MindAR, ni ẹ máa dín kù, 0.001 ni ó ti wà tẹ́lẹ̀, a gbé e wá sí 0.0001. Bó bá ṣe kéré tó ni àwòrán ń dúró jẹ́ẹ́ tó, ṣùgbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra tí ọwọ́ bá yára. filterBeta ló ń tún ìlọ́ra ṣe, tí a bá gbé e sókè. Ẹ yí ọ̀kan, ẹ dán an wò, kí ẹ tó yí èkejì. missTolerance, iye àwòrán kámẹ́rà tó lè kọjá láìrí káàdì, tó jẹ́ 5 tẹ́lẹ̀, a gbé e dé 10, kí àwòrán má pòórá nígbà tí ìka ọwọ́ bá bo káàdì fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Aṣọ inú fóònù

Inú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, la ti ró o. Pẹpẹ aṣọ jẹ́ mítà 1.83 sí 1.14, ìyẹn yáàdì 2 nínú aṣọ oní-ínṣì 45. A wé e mọ́ ìdí ère kan, a jẹ́ kó rọ̀, a dì í síbẹ̀, a yọ ère kúrò, a sì dín iye àwọn onígun mẹ́ta tó para pọ̀ di aṣọ náà kù sí nǹkan bí 6,000. Ìrántí pàtàkì: ẹ fi ìwọ̀n àrà gidi sí i. Ẹ fi tépù wọn àrà kan lára aṣọ, kí ó jẹ́ iye kan náà lórí pẹpẹ. Tí Olókun bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lórí fóònù, ẹni tó mọ àdìrẹ yóò rí i kí ó tó rí ohunkóhun mìíràn.

Inú ibòji ni kí ẹ ti ya fọ́tò aṣọ, pẹ̀lú ìwé funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè fi tún àwọ̀ ṣe. Lábẹ́ oòrùn, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fóònù máa ń sọ aró di àwọ̀ elésè àlùkò.

Fọ́tò orí aṣọ náà jẹ́ 1024 sí 1024, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa wo fáìlì JPEG oní-2048, wọ́n á ní kò kúkú tó mẹ́gábáìtì kan. Fáìlì ni wọ́n ń wò. Tí fóònù bá tú u sínú ìrántí rẹ̀ tán, 2048 × 2048 × báìtì 4 jẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 16, èyí tó ń lọ sí 22 pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà kékeré tó ń ṣe fún ọ̀nà jíjìn. Ti 1024 kò ju 5 àti díẹ̀ lọ. Lórí fóònù tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB, ìyàtọ̀ yẹn ni ojú ewé tó ṣí àti ojú ewé tó kú.

MindAR ka ìbú àwòrán orí káàdì sí 1. Àwòrán wa jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, nítorí náà aṣọ tó ga ní 1.14 nínú Blender yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lórí káàdì, láìfọwọ́ kàn án. Inú fáìlì GLB, irú fáìlì 3D tí a kó aṣọ náà sí, nọ́ńbà kan náà jẹ́ mítà. Fáìlì kan ń ṣiṣẹ́ méjì: ìró kékeré lórí káàdì, àti ìró gidi lórí ilẹ̀ fún ẹni tí fóònù rẹ̀ gbà á. Ẹ tì í síwájú díẹ̀ ní ọ̀nà Z, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì rẹ̀ yóò rì sínú káàdì.

Ti orí ilẹ̀ yẹn, model-viewer, irinṣẹ́ tó ń fi àwòrán 3D hàn lójú ewé, la fi ṣe é, pẹ̀lú ar-scale tó jẹ́ fixed kí ẹnikẹ́ni má fẹ aṣọ náà lójú. Àfikún lásán ni. Lórí Android, ó nílò ARCore, irinṣẹ́ AR ti Google, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ èrò kò sì ní in. MindAR kò béèrè ju kámẹ́rà àti bùráúsà lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbé iṣẹ́ lé e lórí. Tí fóònù kò bá lè ṣe ti ilẹ̀, ẹ má fi bọ́tìnì rẹ̀ hàn án.

Ojú ewé

Kóòdù kò gbọdọ̀ ṣí kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó wọlé ni orúkọ àrà, fọ́tò kan, ìlà díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ṣe é, àti bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́: omi tútù, ọṣẹ tí kò le, lọ́tọ̀ sí aṣọ mìíràn, kí ẹ sá a sí ibòji. Gbogbo èyí kò kọjá kílóbáìtì 150. Ẹni tó bá tẹ "Wò ó lórí káàdì" ló máa gba ìyókù: TensorFlow.js, àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò kan, wà nínú MindAR, kì í ṣe ohun tó fúyẹ́, ẹ má fi dátà olówó iyebíye ẹlòmíràn ṣòfò láì béèrè.

Ohùn obìnrin kan wà tó ń ṣàlàyé àrà náà ní èdè Ẹ̀gbá, ìṣẹ́jú àáyá 40, kílóbíìtì 32 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kílóbáìtì 160 ni gbogbo rẹ̀. Bùráúsà kì í jẹ́ kí ohùn dún fúnra rẹ̀; bọ́tìnì kan náà tó ṣí kámẹ́rà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ohùn.

Kámẹ́rà kò ní ṣí lórí ìkànnì tí kò ní HTTPS, ìyẹn ìsopọ̀ tó ní ààbò. Kò sì ní ṣí nínú àwọn áàpù kíka-kóòdù kan tí wọ́n ń fi bùráúsà abẹ́lé tiwọn ṣí línkì. Ẹ fi àkọlé síbẹ̀ pé kí wọ́n ṣí i nínú Chrome tàbí Safari. Ẹni tó bá ti tẹ "rárá" nígbà tí fóònù béèrè àyè kámẹ́rà lè má rí ìbéèrè náà mọ́. Àwòrán kékeré tó fi ibi tí wọ́n ti ń yí i pa dà hàn ló ń yanjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan kì í tó.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Ọ̀ àti ẹ́ kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ ni, pẹ̀lú àmì ohùn tó gorí rẹ̀. Fọ́ńtì tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì sí yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Noto Sans ń ṣe é dáadáa. Lẹ́tà tí a nílò nìkan la fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí fáìlì má tóbi.

Lórí àtẹ

Àkọlé tó wà lókè kóòdù ni "Wo àrà aṣọ yìí". Ó ṣe pàtàkì, torí àwọn kan ti mọ kóòdù sí ohun ìsanwó, láti ìgbà tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó ń so àwọn báǹkì Nàìjíríà pọ̀, ti gbé NQR, ètò ìsanwó oní-kóòdù, jáde ní 2021. Kóòdù ìsanwó ìyá aláàdìrẹ, tó bá ní, kí ó wà níbòmíràn, kí àwọ̀ káàdì rẹ̀ yàtọ̀. A tẹ àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kedere sí abẹ́ kóòdù, kí ènìyàn lè fi wé ohun tí fóònù fi hàn án. Ẹni ibi lè lẹ kóòdù tirẹ̀ mọ́ tiwa. Kí ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ máa fi èékánná fá orí kóòdù wò. Ojú ewé wa kì í béèrè nọ́ńbà báǹkì, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo láminétì tí kò dán ju èyí tó dán lọ. Aṣọ tútù ló ń nù ún. Abẹ́ agboòrùn aláwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ máa ń yí àwọ̀ káàdì. Kóòdù kò ní nǹkan fi ṣe, MindAR náà ń wo dúdú àti funfun ju àwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ tó ṣókùnkùn gan-an, kámẹ́rà yóò máa lọ́ra, AR yóò sì máa já. Gílóòbù funfun kan lókè àtẹ ti tó.

Wọ́n ti béèrè bóyá irú nǹkan yìí ṣeé ṣe ní Olúmọ, kí fóònù mọ ibi tí àlejò dúró láìsí káàdì. GPS fóònù lè ṣìnà ní mítà mélòó kan níta gbangba, lábẹ́ àpáta ni yóò ti burú sí i, kọ́ńpáàsì rẹ̀ náà sì ń ṣìnà nítòsí irin. Pátákó tó ní àwòrán la máa lò níbẹ̀ pẹ̀lú, lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe lára àpáta.

Káàdì 3 la tẹ̀ fún àrà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lára aṣọ, ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì kó lè máa fi dán ojú ewé wò nílé. Ohun tí a kò tíì ṣe ni àrà tuntun tí wọ́n bá pa ní ìsọ̀ náà láàárín ọdún: A13 sókè ti wà lórí sáfà ní òfìfo, ṣùgbọ́n fọ́tò, ìwọ̀n àrà àti ohùn ṣì kù.